Ilé pákó tí Òyìnbó fi ọkọ̀ ojú omi kó wá: Ó ti lé ní 140 ọdún, kò wó

Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Command, lójú ọ̀nà tó ti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Àyọ̀bọ̀, ilé búlọ́ọ̀kù ni yóò rí lọ́tùn-ún àti lósì. Bí wọ́n ṣe ń parí ọ̀kan ni wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ òmíràn lélẹ̀. Igi kò ṣàì sí níbẹ̀, àmọ́ ìránṣẹ́ lásán ni. Pákó ni àwọn bíríkìlà fi ń da dẹ́kìn. Bí sìmẹ́ńtì bá ti gbẹ, wọn á tú pákó náà, wọn á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Igi ni àwọn káfíńtà fi ń gbé òrùlé ró. Bí páànù bá ti bò ó lókè, tí sílíǹ sì bò ó nísàlẹ̀, ojú onílé kò tún kàn án mọ́, àfi ọjọ́ tí ikán bá jẹ ẹ́ tán.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ará Command pé inú ilé pákó ni òun ń gbé, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni àhéré tàbí búkà, ilé ẹni tí owó kò tíì bá. Ṣùgbọ́n ilé pákó kan wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ti ibẹ̀ ṣe ìjọba lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú lórí, tó sì wà lórí ìdúró títí di òní. Ìlú Calabar ló wà. Ọdún 1884 ni wọ́n gbé e dúró. Igi ni egungun rẹ̀, igi ni ògiri rẹ̀, igi ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lókè. Ilẹ̀ Bìrìtéènì ni wọ́n ti gé e, kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí kan àwọn tó ń gbé ní Command àti àwọn tó wà lábúlé bákan náà. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ilé bàbá nílé, pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí àjà rẹ̀ jẹ́ pákó, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ igi ìrókò, tí fèrèsé rẹ̀ náà jẹ́ pákó. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, tí àwọn ọmọ bá ti Èkó wálé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jẹyọ nínú ìpàdé ẹbí: ṣé kí a wó o ni, àbí kí a tún un ṣe? Àwọn ọ̀dọ́ a ní igi rẹ̀ ti gbó. Àwọn àgbà a dákẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: ṣé igi ló gbó ni, àbí ìtọ́jú ló dáwọ́ dúró?

IGI NI EGUNGUN, AMỌ̀ NI ẸRAN

Kí Òyìnbó tó gbé ilé onígi wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ilẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Igi óákù ni wọ́n fẹ́ràn jù, igi líle tí a lè fi wé ìrókò tiwa. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń kan pákó mọ́ra bí ẹni kan àpótí. Egungun ilé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tò: òpó ńláńlá tó dúró gbọọrọ, igi ìdábùú tó so òpó mọ́ òpó, àti igi kúkúrú tó dagun sí kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ilé má baà fì síwá fì sẹ́yìn. Egungun yìí ló ń ru àjà, òun náà ló ń ru òrùlé. Ògiri kò ru ohunkóhun. Ó kàn ń dí àlàfo ni.

Ìyàtọ̀ ńlá nìyí sí ilé alámọ̀ tiwa. Ní tiwa, ògiri ló ń ru gbogbo ẹrù. Bí ògiri bá là, gbogbo ilé wà nínú ewu. Nínú ilé onígi, bí ògiri tilẹ̀ já bọ́ pátápátá, egungun ilé yóò ṣì wà ní ìdúró, onílé yóò sì rí àyè dí ihò náà padà.

Ìṣó kò pọ̀ nínú iṣẹ́ náà rárá. Káfíńtà á lu ihò sára igi kan, á gbẹ́ orí igi kejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n, á ki ahọ́n náà bọ inú ihò. Lẹ́yìn èyí ni yóò lu ihò kékeré já àwọn méjèèjì, tí yóò sì fi èèkàn igi há wọn pọ̀. Igi tútù ni wọ́n sábà máa ń lò, nítorí pé óákù tó ti gbẹ tán a máa le jù fún irinṣẹ́. Bí igi náà bá ṣe ń gbẹ ló ń fún mọ́ ara rẹ̀, tí oríkèé rẹ̀ ń le sí i.

Àgbàlá káfíńtà ni wọ́n ti máa ń tò ó wò ní ilẹ̀. Wọ́n á fi ààmì sára igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á kó o lọ síbi tí ilé yóò wà, wọ́n á sì tò ó padà gẹ́gẹ́ bí ààmì ti wí. Títí di òní, ẹni tó bá wo ara òpó àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyí dáadáa yóò rí ààmì ọwọ́ káfíńtà tó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Àlàfo tó wà láàárín òpó ńkọ́? Wọ́n á hun ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti dé abúlé létí omi, níbi tí wọ́n ti ń fi ọparun hun ògiri kí wọ́n tó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọgbọ́n kan náà ni, ilẹ̀ ló jìnnà síra.

Ọ̀kan lára irú ilé bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Little Moreton Hall, ní agbègbè Cheshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún 1504 sí 1508 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ́ ọ sì ń fi kún un fún nǹkan bí 100 ọdún. Káfíńtà kan tí ń jẹ́ Richard Dale kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún 1559 sára iṣẹ́ fèrèsé tó ṣe níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé iyàrá gígùn kan lé orí ilé náà, wọ́n sì fi òkúta pẹlẹbẹ bo òrùlé rẹ̀. Ẹrù náà wúwo ju ohun tí wọ́n ṣètò ilé fún lọ. Ilé tẹ̀, ilẹ̀ òkè rẹ̀ wọ́, ògiri rẹ̀ fì. Ṣùgbọ́n kò wó. Ìdílé kan ṣoṣo ló ni ín fún nǹkan bí 450 ọdún kí wọ́n tó fà á lé ẹgbẹ́ National Trust lọ́wọ́ lọ́dún 1938.

Iná ni ọ̀tá tó le jù tí ilé onígi ní lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dún 1666, iná ńlá jó ọ̀pọ̀ jù nínú ìlú London. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin jáde pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi kọ́ ògiri ilé níbẹ̀. Bí ilé onígi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù láàárín ìlú nìyẹn. Àmọ́ ọgbọ́n gígé igi, fífi ààmì sí i, kíkó o lọ síbi tó jìnnà àti títò ó padà kò kú. Ọgbọ́n yìí gan-an ló gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa.

ILÉ TÓ WỌ ỌKỌ̀ OJÚ OMI

Nígbà tí àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣòwò àti àwọn ajíhìnrere bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí etíkun wa, púpọ̀ nínú wọn kò fọkàn tán ilé alámọ̀. Kò sì sí ibi ìlàgi bí irú èyí tí wọ́n mọ̀ nílé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń ra ilé láti òkè òkun. Ilé iṣẹ́ á gé e, á di í, ọkọ̀ á gbé e wá, wọ́n á wá tò ó níbí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá ilẹ̀ wa mu. Ilé páànù ni wọ́n kọ́ fún kọ́ńsúlù, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Èkó. Nígbà tí arìnrìn-àjò nì, Richard Burton, gba Èkó kọjá lọ́dún 1861, pósí onírin ló fi ilé náà wé nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ páànù tí kò ní sílíǹ lọ́sàn-án gangan mọ̀ pé kò parọ́.

Ti Calabar yàtọ̀. Lọ́dún 1884, kọ́ńsúlù Edward Hyde Hewett ń lọ káàkiri etíkun, ó ń bá àwọn ọba àti ìjòyè tọwọ́ bọ̀wé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni àwọn ọba Ẹ́fíìkì tọwọ́ bọ ti wọn. Ní oṣù Kọkànlá ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ìlú Berlin, níbi tí wọ́n ti jíròrò bí wọn yóò ṣe pín ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n to ilé pákó yìí sórí òkè kan tó kọjú sí odò Calabar. Páìnì láti ilẹ̀ Scandinavia ni igi rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wakọ̀ bọ̀ lójú odò náà, ilé yìí ni yóò máa wò lókè. Ó dájú pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí àlejò àti onílé lè mọ ẹni tó ń pàṣẹ.

Láti inú ilé náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbòòrò. Lọ́dún 1885 ni wọ́n kéde ààbò wọn lórí àwọn ìlú tó wà létí odò epo. Lọ́dún 1900, Calabar di olú-ìlú fún gbogbo Gúúsù Nàìjíríà tó wà lábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1906 ni wọ́n pa ìjọba yìí pọ̀ mọ́ ti Èkó, tí olú-ìlú sì kó wá sí Èkó. Láàárín àkókò yìí, lọ́dún 1897, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó Ìbíní, ìlú Calabar náà ni wọ́n mú Ọba Ovonramwen lọ. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi wàjà lọ́dún 1914. Kì í ṣe gbogbo ìtàn tó wà nínú ilé yìí ló dùn létí. Ṣùgbọ́n ìtàn tó korò pàápàá yẹ kó ní ibi tí a lè mú ọmọ lọ láti fi hàn án.

Lọ́dún 1959, ìjọba kọ orúkọ ilé náà mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí òfin ń dáàbò bò. Lọ́dún 1986 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí mùsíọ́ọ̀mù. Òwò ẹrú, òwò epo pupa àti bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ìjọba ilẹ̀ náà wà lára ìtàn tí àwọn àlejò ń bá pàdé níbẹ̀.

ỌGBỌ́N TÓ WÀ NÍNÚ ÌKỌ́LÉ NÁÀ

Ohun àkọ́kọ́ ni pé wọ́n gbé ilé náà sókè kúrò nílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lónìí. Òyìnbó ìgbà yẹn gbà gbọ́ pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde láti inú ilẹ̀ tútù ló ń fa ibà. Wọ́n rò pé bí ènìyàn bá sùn jìnnà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ náà kò ní bá a. Ọdún 1897 ni dókítà Ronald Ross rí i dájú ní ilẹ̀ Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri.

Bí ìdí wọn tilẹ̀ kùnà, ilé jèrè rẹ̀. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilé kọjá, nítorí náà igi kì í rin. Ikán náà kò rí ibi sá pamọ́ sí. Àṣà ikán ni pé bó bá fẹ́ gun òkè láti inú ilẹ̀, yóò mọ ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sára òpó. Bí òpó bá wà ní gbangba, ojú yóò rí ọ̀nà náà, wọ́n á sì ha á dànù. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti wọ inú ilẹ̀, tàbí tí wọ́n bá kó yẹ̀pẹ̀ tì í, ikán yóò jẹun yó kí onílé tó mọ̀.

Ohun kejì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ àti òrùlé tó yọ síta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn kan ògiri, òrùlé tó yọ síta kì í sì í jẹ́ kí òjò nà án. Ohun kẹta ni igi fúnra rẹ̀. Igi kì í gba ooru mọ́ra bíi búlọ́ọ̀kù. Àwọn tó ń gbé ní Command mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, búlọ́ọ̀kù á ti fa oòrùn mu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá di alẹ́, tí iná mànàmáná sì lọ, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ooru náà padà fún àwọn tó wà nínú iyàrá. Àwọn tó kọ́ ilé pákó kò ní fáànù, wọn kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ilé náà ni wọ́n fi ṣe fáànù.

Ṣùgbọ́n ohun ìyanu kan wà níbẹ̀. Páìnì kì í ṣe igi tó le. Ikán fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn igi tiwa bí ìrókò, àpá àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ lágbára ju páìnì lọ fíìfíì, ikán kì í sì í tètè rí wọn jẹ. Báwo wá ni igi tí kò le ṣe dúró ju 140 ọdún lọ nínú òjò Calabar, tí ilé alájà ìrókò sì ń wó lulẹ̀ ní àwọn ìlú wa lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí baálé rẹ̀ bá ti kú?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilé onígi jẹ́ ilé tí a lè máa tún ṣe díẹ̀díẹ̀. Bí pákó kan bá rà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Bí ẹsẹ̀ òpó kan bá jẹrà, wọ́n á gé ibi tó jẹrà náà, wọ́n á so igi tuntun mọ́ ọn. Kò pọn dandan kí gbogbo ilé dojú dé. Ohun tó pọn dandan ni pé kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wò ó. Ilé Calabar ní irú ẹni bẹ́ẹ̀: nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ́ ilé ìjọba, lẹ́yìn rẹ̀, ó di ohun ìrántí, lẹ́yìn náà, ó di mùsíọ́ọ̀mù.

ÈYÍ TÓ WÀ NÍTÒSÍ WA

Ẹni tó ń gbé ní Command kò nílò láti dé Calabar kó tó rí iṣẹ́ ìkọ́lé àwọn Òyìnbó ìgbà yẹn. Bó bá gba Ìyànà-Ìpájà dé Agége, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, kó sì sọ̀ ní Ọyìngbò. Láti ibẹ̀, ọgbà Rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta kò jìnnà mọ́. Nínú ọgbà yìí ni ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House.

Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, tó sì jẹ́ pé ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gba atẹ́gùn, ó ní àtẹ̀gùn onígi àti ilẹ̀ pákó lókè. Àwọn ọ̀gá Rélùwéè ló ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Orúkọ tó ń jẹ́ lónìí wá láti ọ̀dọ̀ Francis Jaekel, Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ Rélùwéè Nàìjíríà, tó lo nǹkan bí 30 ọdún nínú iṣẹ́ náà, tó sì kọ ìwé ìtàn Rélùwéè ní apá mẹ́ta.

Nígbà tí Rélùwéè ń rẹ̀ sílẹ̀, ilé náà bá a rẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1995, tí wọ́n ń pè ní Legacy, ló dìde sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ayàwòrán ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti ọdún 1954, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n tún ilé náà ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù kékeré. Àwòrán ayé àtijọ́, ti Rélùwéè àti ti àwọn ènìyàn pàtàkì, wà nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a kíyèsí ni pé kì í ṣe agbára igi ló gba Jaekel House là. Àwọn ènìyàn ló gbà á là. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn tó dí ẹnu ògiri náà kí aláǹgbá tó sọ ọ́ di ilé ni ìyìn tọ́ sí.

ÈYÍ TÓ TI LỌ

Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ní Tinúbú, ní Erékùṣù Èkó, ilé kan wà tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, nígbà tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì ń padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀, títí kan iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà. Lọ́dún 1933, ìdílé Ọláìyá rà á. Lọ́dún 1956, òun náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

Òfin dáàbò bò ó. Àní, òfin ọdún 1979 tó dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar lulẹ̀. Ohun tó gba nǹkan bí 160 ọdún láti di ìtàn di òkìtì láàárín ọjọ́ kan.

Nínú ìtàn àwọn ilé mẹ́ta yìí, òfin wà lórí ti Calabar àti ti Tinúbú bákan náà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ẹnì kan ń wo ọ̀kan lójoojúmọ́, èkejì sì wà láàárín awuyewuye láìsí ẹni tí yóò dúró tì í. Òfin kì í gun òkè lọ pààrọ̀ páànù tó ń jò. Ènìyàn ló ń gùn ún.

OHUN TÍ ONÍLÉ LÈ ṢE

Ìmọ̀ tó wà nínú ìtọ́jú àwọn ilé ńlá wọ̀nyí kò ga ju ti onílé lábúlé lọ. Òrùlé ni kí ó kọ́kọ́ wò. Páànù kan tó bá ṣí lè ba àjà odindi iyàrá jẹ́ láàárín òjò méjì. Ìṣó páànù àti káfíńtà ọjọ́ kan kò wọ́n tó àjà tuntun.

Ẹ̀yìn òrùlé, ìdí ilé ló kàn. Ẹ má jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀, koríko tàbí igi ìdáná kóra jọ ti òpó tàbí ògiri. Ẹ wò ó bóyá ikán ti mọ ọ̀nà amọ̀ sára rẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún igi wò níbi tí omi ti máa ń kan. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, igi náà ti ń jẹrà, ṣùgbọ́n bó bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti gbó. Ìrókò tó dúdú lójú lè ṣì le bí irin nínú.

Ẹ ṣọ́ra fún sìmẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí àwọn bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ ilé bàbá àwọn, ó ti di tuntun. Amọ̀ a máa mí: ó ń fa omi, ó sì ń tu ú sílẹ̀. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kó mí. Omi tó bá ti wọlé láti ìsàlẹ̀ tàbí láti òkè kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ á rọ̀ nínú, orí igi àjà tó wà nínú ògiri náà á sì jẹrà. Ìgbà tí sìmẹ́ńtì bá ré lulẹ̀ ni onílé yóò tó rí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí pákó bá bàjẹ́, ibi tó bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ má fi arère rọ́pò ìrókò, nítorí pé arère kì í pẹ́ tí ikán fi ń mú un. Ẹ fi Solignum tàbí oògùn ikán mìíràn kun igi tuntun kí ó tó gòkè. Bí káfíńtà àgbà kan bá ṣẹ́kù ní ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki igi bọ igi láìlo ìṣó, ẹ pè é, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa wò ó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ilé má ṣófo. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé kì í ní ẹni tí yóò gbọ́ ìró omi tó ń kán lóru. Bó jẹ́ ayálégbé, bó jẹ́ ọmọ ìyá kan, bó jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n gbé wá sí ìlú, kí ẹnì kan máa ṣí fèrèsé láàárọ̀, kó sì máa tì í nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ìdílé kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìwé: ta ló kọ́ ilé náà, ọdún wo ni, ta ni káfíńtà rẹ̀, ta ló ni ẹ̀tọ́ sí i. Ìjà ogún ń wó ilé púpọ̀.

A kò sọ pé kí ará Command ta búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kó lọ ra pákó o. Ilẹ̀ kéré, èrò pọ̀, iná sì ń bani lẹ́rù láàárín ilé tó fún mọ́ra. A kò sì sọ pé gbogbo ilé àtijọ́ ló ṣeé gbà là. Òmíràn wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé ewu ni fún ọmọdé tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kí ìdílé tó gbé katakata wá sídìí ilé bàbá wọn, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé káfíńtà lọ síbẹ̀, kó gún igi náà wò, kó sọ òótọ́ ohun tó bá rí.

Bí ilé pákó tí wọ́n fi páìnì kọ́ bá lè rí òjò tó lé ní 140 ọdún tí kò wó, a jẹ́ pé ilé alájà ìrókò tí bàbá wa fi owó kòkó kọ́ kò tíì dàgbà. Yorùbá ní ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Nígbà tí ọdún bá tún dé, tí àwọn ọmọ Èkó bá tún wálé, tí ọ̀rọ̀ ilé bá tún jáde nínú ìpàdé, kí àwọn àgbà má dákẹ́ mọ́.